Èwo nínú wa ni ẹ̀gbọ́n?

Ní àárọ̀ ọjọ́ Sátidé kan nínú oṣù Kẹwàá ọdún 2024, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi iṣẹ́ alẹ́ dé ni, bàtà kò tíì kúrò lẹ́sẹ̀ mi, nígbà tí Màmá ké sí mi láti yàrá wọn. Kì í ṣe igbe ìrora. Igbe ẹni tí wọ́n rẹ́ jẹ ni. Nígbà tí mo débẹ̀, fóònù wà lọ́wọ́ wọn, wọ́n sì nà án sí mi bí ẹni pé èmi ni mo ṣe ohun tó wà nínú rẹ̀.

"Kà á fún mi. Bóyá ojú mi ló ń ṣe mí."

Pósítà òkú ni. Ti àbúrò wọn ni, Mọ́mì Ondó, tó kú ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú ìgbà yẹn. Àwọn ọmọ rẹ̀ fi fọ́tò tó dáa síbẹ̀: gèlè aláró, ìlẹ̀kẹ̀ iyùn, gbogbo ẹ̀ pé. Lábẹ́ fọ́tò ni wọ́n kọ ọ́ sí gàdàgbà: ọmọ ọdún 84.

Ìwé ìrìnnà Màmá sọ pé ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní 1945 ni wọ́n bí wọn. Ìyẹn ni pé ọmọ ọdún 79 ni wọ́n. Dókítà wa ní Barking mọ̀ wọ́n sí 79, àwọn tó ń fún wọn ní káàdì bọ́ọ̀sì mọ̀ wọ́n sí 79. Àbúrò tí wọ́n fi ẹ̀yìn pọ̀n dàgbà wá di ọmọ ọdún 84 lójú gbogbo ayé, lórí WhatsApp, pẹ̀lú òdòdó lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì.

"Wọ́n ti fi Àbẹ̀kẹ́ ṣe ẹ̀gbọ́n mi," ni Màmá wí. "Fọlá, wọ́n sọ mí di àbúrò Àbẹ̀kẹ́."

Ẹ̀yin tí ẹ ti pẹ́ nílùú òyìnbó, ẹ má rẹ́rìn-ín. Bí o bá sọ pé ọmọ ìyá rẹ ni ẹnì kan, ìbéèrè tó kàn nílé wa ni pé: ẹ̀gbọ́n ni àbí àbúrò? Kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ pé ta ló máa kọ́kọ́ mú ẹran nìkan. Bí ẹ̀gbọ́n ẹni bá kú ní 84, àwọn èèyàn á ní ó dàgbà, ó darúgbó, ẹ jẹ́ ká jó. Bí àbúrò ẹni bá kú, ọ̀fọ̀ ni. Màmá ń ṣọ̀fọ̀, pósítà sì ń pe gbogbo ayé pé kí wọ́n wá jó. Eékún wọn kò jẹ́ kí wọ́n lè wọ bàálù lọ sílé. Ẹni tí kò lè dé ibi ìsìnkú àbúrò rẹ̀, kí ló kù fún un ju ipò tó wà láàárín àwọn méjèèjì lọ?

Mo fẹ́ sùn. Ṣùgbọ́n mo ti ṣèlérí fún Tóbi, ọmọ mi, pé a ó lọ sí mùsíọ́mù ní ọjọ́ náà. Kíláàsì Year 3 ni, òkúta àti egungun tó ti di òkúta ni wọ́n ń kọ́ wọn. Màmá ní àwọn náà ń bọ̀. Wọn kò ní jókòó sílé kí wọ́n máa wo pósítà.

Ó yẹ kí n sọ pé mo kẹ́kọ̀ọ́ jiọ́lọ́jì ní Yunifásítì Ìbàdàn. Mo ti fi òòlù fọ́ òkúta káàkiri ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ àti Ondó rí. Láti 2007 tí mo ti dé London, àwọn arúgbó ni mò ń tọ́jú lálẹ́. Kò sẹ́ni tó béèrè ọjọ́ orí òkúta lọ́wọ́ mi mọ́.

Valence House ni a lọ, ilé àtijọ́ kan tó wà ní Becontree Avenue ní Dagenham, láàárín àwọn ilé bíríkì tí ìjọba kọ́ lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kìíní. Ohun tí gbogbo èèyàn ń lọ wò níbẹ̀ ni ère igi kan tí wọ́n ń pè ní Dagenham Idol. Gíga rẹ̀ kò ju nǹkan bí 46 sẹ̀ǹtímítà lọ. Igi páìnì ni wọ́n fi gbẹ́ ẹ. Ó ní ẹsẹ̀ méjì, kò ní apá. Àwọn lébìrà tó ń gbẹ́ ilẹ̀ láti ri páìpù omi ìdọ̀tí ní ọdún 1922 ló rí i, nínú ẹrẹ̀ etí odò Thames, ní gúúsù Ripple Road. Bẹ́ẹ̀ ni, Ripple Road yìí náà tí a ń gbà lọ ra iṣu. Ó wà ní nǹkan bí mítà mẹ́ta sísàlẹ̀, nínú ilẹ̀ dúdú tó jẹ́ kìkì ewé àti gbòǹgbò tí kò jẹrà tán, egungun àgbọ̀nrín kan sì wà nítòsí rẹ̀. Colchester ló ni ín, ṣùgbọ́n láti 2010 ni wọ́n ti gbé e padà wá sí Dagenham gẹ́gẹ́ bí ohun tí wọ́n yá wọn.

Màmá tẹ orí wò ó dáadáa. "Ìbejì ta nìyí?"

Mo ní kì í ṣe ìbejì. Wọ́n ní àwọn náà rí i pé kì í ṣe ìbejì, àwọn agbẹ́gilére tiwa kò ní gbàgbé apá.

Tóbi ka ìwé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ sókè: nǹkan bí 2250 ṣáájú ìbí Jésù. Mo bá wọn ṣe ìṣirò rẹ̀, ó lé ní 4,200 ọdún. Màmá yíjú sí mi.

"Ta ló wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n gé e? Igi tí kò ní bàbá, tí kò ní ìyá, ó ní ọjọ́ orí. Èmi tí mo ní bàbá àti ìyá, kóòtù ló bá mi bí tèmi."

Òótọ́ ni wọ́n sọ. Nígbà tí wọ́n fẹ́ wọ ilé ẹ̀kọ́ àwọn tíṣà, wọ́n ti dàgbà ju bí wọ́n ṣe ń gbà wọlé lọ, nítorí wọ́n pẹ́ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ ìwé. Bàbá wọn lọ búra ní kóòtù, wọ́n gé ọdún díẹ̀ kúrò, wọ́n sì fi ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní sí i bí wọ́n ṣe máa ń ṣe. Ọ̀pọ̀ lára ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí ni òbí yín ní irú ọjọ́ ìbí bẹ́ẹ̀. Ìdajì àwọn àgbà ìjọ wa ni a máa ń bá ṣọdún tuntun àti ọjọ́ ìbí pa pọ̀.

A jókòó síbi tí wọ́n ti ń ta tíì, mo sì bẹ̀rẹ̀ àlàyé. Ó pẹ́ tí mo ti sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn kẹ́yìn, ara mi yá gágá.

Mo ní ọ̀nà àkọ́kọ́ kò sọ ọdún rárá. Ẹ wo àpótí aṣọ Màmá. Aṣọ ìgbéyàwó wọn ló wà nísàlẹ̀ pátápátá, aṣọ ẹbí oríṣiríṣi lé e lórí, ańkárá ọjọ́ ìsọmọlórúkọ Tóbi ló wà lókè. Ẹni tí kò mọ̀ wá rí lè ṣí àpótí náà kó sọ ayẹyẹ tó ṣáájú àti èyí tó tẹ̀ lé e, kò sì ní mọ ọdún kankan. Bí ilẹ̀ ṣe rí nìyẹn. Ẹrẹ̀ ń rọ̀ sílẹ̀ lórí ẹrẹ̀, èyí tó wà nísàlẹ̀ ló dàgbà jù. Ọmọ Denmark kan, Nicolas Steno, ló kọ ọ́ sílẹ̀ ní 1669. Lẹ́yìn náà ni William Smith, tó ń wọn ilẹ̀ fún àwọn tó ń gbẹ́ ipa omi ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣàkíyèsí pé ìpele kọ̀ọ̀kan ló ní ìkarahun tirẹ̀, bí ẹbí kọ̀ọ̀kan ṣe ní aṣọ tirẹ̀. Bí ó bá rí ìkarahun kan náà ní ìlú méjì, ó mọ̀ pé ẹgbẹ́ ni ilẹ̀ ibẹ̀. Ohun tó fi ya àwòrán ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì jáde ní 1815 nìyẹn.

"Ẹ̀gbọ́n àti àbúrò nìkan ló mọ̀, àbí?" ni Màmá wí.

Ohun tó mọ̀ nìyẹn gan-an. Ó sì lè tan èèyàn jẹ. Odò Thames tó wà nítòsí wa yìí, ńṣe ló ń gbẹ́ ilẹ̀ lọ sísàlẹ̀ láti ọdún mọ́dún, tó ń fi òkúta wẹ́wẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ bí àtẹ̀gùn. Nítorí náà, lórí àtẹ̀gùn yẹn, èyí tó wà lókè ló jẹ́ ẹ̀gbọ́n. Ẹni tó bá fi òfin àpótí aṣọ kà á láìwo bí odò ṣe ṣiṣẹ́, á pe bàbá ní ọmọ. Ilford tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa níbí ni wọ́n ti wú odindi orí erin ayé àtijọ́ kan jáde ní 1864, mámọ́tì, tó ti tó nǹkan bí 200,000 ọdún. Natural History Museum ló wà báyìí. Erin, ní Ilford! Màmá ní kí ni erin wá ṣe nínú òtútù.

Ọ̀nà kejì ló ní aago nínú. Mo sọ fún Tóbi pé kábọ́nù ni ohun tó pọ̀ jù nínú èédú. Inú afẹ́fẹ́ ni igi ti ń gbà á. Ewúrẹ́ jẹ ewé, àwa jẹ ewúrẹ́, gbogbo wa la jọ ń pín in. Oríṣi kan wà láàárín rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní kábọ́nù 14. Kò pọ̀ rárá, kì í sì í dúró. Ó ń yí padà díẹ̀díẹ̀ di náítírójìn. Níwọ̀n ìgbà tí igi bá wà láàyè, bí èyí tó wà nínú rẹ̀ ṣe ń lọ ni òmíràn ń wọlé. Ọjọ́ tó bá kú, ilẹ̀kùn tì. Èyí tó wà nílé á wá máa dín kù, òtútù tàbí ooru kò sì lè mú un yára tàbí kó falẹ̀. Lẹ́yìn 5,730 ọdún, ìdajì ló kù. Lẹ́yìn 5,730 ọdún mìíràn, ìdajì ìdajì.

Tóbi kò fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ ọ. Mo ní kó ro ti ẹnì kan tí kì í jẹ èbà tán: alaalẹ́ ló ń jẹ ìdajì ohun tó bá bá nínú abọ́. Bí o bá mọ bí èbà náà ṣe tó nígbà tí wọ́n gbé e kalẹ̀, wo èyí tó kù, wàá mọ iye alẹ́ tó ti kọjá.

"Ẹni tó ń jẹ irú èbà bẹ́ẹ̀, kò lè tán láéláé," ni Tóbi wí.

Kò ní tán lóòótọ́, ṣùgbọ́n yóò kéré débi pé ojú ò ní rí i mọ́. Tó bá ti tó nǹkan bí 50,000 ọdún, kábọ́nù 14 kò ṣe é wọ̀n dáadáa mọ́. Ìdí nìyẹn tí kò fi wúlò fún erin Ilford. Ti ère Dagenham, nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú márùn-ún ohun tó wà nínú igi náà ló kù. Willard Libby, ọmọ Amẹ́ríkà tó dá ọgbọ́n náà sílẹ̀, gba ẹ̀bùn Nobel fún un ní 1960. Wọ́n sì tún ní láti máa ka òrùka inú àwọn igi àtijọ́, òrùka kan fún ọdún kan, kí wọ́n fi tún ìṣirò rẹ̀ ṣe, nítorí pé èyí tó wà nínú afẹ́fẹ́ kì í dọ́gba ní gbogbo ìgbà. Ohun kan tún wà tí àwọn èèyàn máa ń gbójú fò: ọjọ́ orí igi ni èyí ń sọ, kì í ṣe ọjọ́ tí wọ́n gbẹ́ ẹ. Bí mo bá fi pákó ilé bàbá bàbá mi gbẹ́ ère lónìí, kábọ́nù á pè mí ní òpùrọ́.

"Òkè Ìdànrè ńkọ́?" Ìlú Màmá nìyẹn. "Ìyẹn kì í ṣe igi."

Áà. Inú mi dùn. Òkúta tó jẹ́ pé inú iná ìsàlẹ̀ ilẹ̀ ló ti yọ́ kó tó dì ni Òkè Ìdànrè. Nínú irú òkúta bẹ́ẹ̀ ni wóró kan máa ń wà tí wọ́n ń pè ní sákọ́ọ̀nù, ó kéré ju wóró gaàrí lọ. Nígbà tó bá ń dì, ó máa ń gba yùréníọ̀mù sínú ara rẹ̀, ṣùgbọ́n kì í gba òjé, kò ráyè fún un. Yùréníọ̀mù náà a sì máa yí padà, díẹ̀díẹ̀, di òjé. Nítorí náà, bí o bá bá òjé nínú sákọ́ọ̀nù lónìí, àlejò kọ́, inú ilé yẹn ni wọ́n ti bí i. Wọ́n á ka yùréníọ̀mù tó kù, wọ́n á ka òjé, aago jáde. Aago yìí kò yára bíi ti kábọ́nù: kí ìdajì yùréníọ̀mù tó wọ́pọ̀ jù tó lọ, ó gbà tó bílíọ̀nù 4.5 ọdún. Ti Ìdànrè sún mọ́ 600 mílíọ̀nù ọdún.

Màmá dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Wọ́n ní nígbà tí àwọn wà ní kékeré, àwọn máa ń jókòó sórí òkúta yẹn já èèpo ẹ̀pà.

Mo sọ ìtàn kan tí mo fẹ́ràn fún wọn. Ní 1897, Lord Kelvin, ọ̀gá pátápátá nínú àwọn onímọ̀ ìgbà yẹn, kéde pé ọjọ́ orí ilé ayé kò lè ju 40 mílíọ̀nù ọdún lọ. Àwọn onímọ̀ òkúta mọ̀ pé kò tó, ṣùgbọ́n ta ni yóò bá ọ̀gá jiyàn? Nígbà tó di 1911, ọmọ ọdún 21 kan, Arthur Holmes, akẹ́kọ̀ọ́ ní Imperial College níbí ní London, fi yùréníọ̀mù àti òjé ṣírò ọjọ́ orí àwọn òkúta, ọ̀kan nínú wọn sì lé ní 1,600 mílíọ̀nù ọdún. Ní 1956, Clair Patterson fi òkúta tó já bọ́ láti òfuurufú sọ ti ilé ayé: bílíọ̀nù 4.55.

"Nítorí náà, ilé ayé pàápàá ti ní ọjọ́ orí ìwé rí," ni mo sọ fún wọn. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí wọ́n rẹ́rìn-ín ní ọjọ́ náà.

Nínú bọ́ọ̀sì tó ń gbé wa padà ni mo rántí Ihò Eléérú, èyí tí ìwé àwọn òyìnbó máa ń kọ ní Iwo Eleru. Kò jìnnà sí Ìdànrè, ẹ̀gbẹ́ Ìsàrun ni, níbi tí Thurstan Shaw àti àwọn èèyàn rẹ̀ ti wú òkú èèyàn kan jáde ní 1965. Bí agbárí rẹ̀ ṣe rí, ó jọ ti àwọn tó ti kú tipẹ́tipẹ́ ṣáájú. Ṣùgbọ́n èédú tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni wọ́n fi mọ ọjọ́ orí rẹ̀, ó jẹ́ nǹkan bí 11,000 ọdún. Kì í ṣe egungun náà ló sọ̀rọ̀. Aládùúgbò rẹ̀ ló jẹ́rìí fún un.

Aládùúgbò. Mo yíjú sí Màmá nínú bọ́ọ̀sì. "Màmá, ọjọ́ tí ilẹ̀ ṣú lọ́sàn-án yẹn, ta lẹ pọ̀n?"

Ó ní bí ọ̀rọ̀ náà ṣe jẹ́. Ní 29 oṣù Kẹta 2006, èmi àti Màmá jọ dúró síta ní Ìbàdàn láàárọ̀ nígbà tí òṣùpá bo oòrùn lójú. Wọ́n ní àwọn ti rí i rí lọ́mọdé, pé tìgbà yẹn ṣú ju èyí lọ, pé àwọn adìẹ wọ ilé, àwọn sì fi igbe bẹnu sáré wálé láti odò. Nígbà náà mo kàn gbọ́ ọ bí ìtàn.

"Àbẹ̀kẹ́ ni mo pọ̀n," ni Màmá dáhùn. "Ta ni ǹ bá tún pọ̀n? Ó ń sunkún nítorí pé mò ń sunkún. Eyín mi iwájú méjèèjì ti yọ, àwọn ọmọ ọkùnrin máa ń fi ṣe mí yẹ̀yẹ́, mi ò fẹ́ ké síta."

Òṣùpá kì í purọ́ nípa ọjọ́. 20 oṣù Karùn-ún 1947, ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà ni òjìji òṣùpá gba Gold Coast, Tógò, Dahomey àti Nàìjíríà kọjá. Ẹni tí eyín iwájú rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ, ọmọ ọdún mẹ́fà tàbí méje ni. Ẹni tó ṣì wà lẹ́yìn ọmọ ọdún méje, kò lè ju ọmọ ọdún méjì lọ, àfi bí ẹ̀yìn bá fẹ́ ṣẹ́. Màmá, 1940 sí 1941. Mọ́mì Ondó, 1945 tàbí 1946. Ìyẹn ni pé ọmọ ọdún 83 tàbí 84 ni Màmá, ẹni tí wọ́n pè ní 84 kò sì ju 79 lọ. Ńṣe ni ìwé pààrọ̀ àwọn méjèèjì fún ara wọn.

Mi ò lè fún wọn ní ọjọ́ kan pàtó. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn, pé ohun tí àwa jiọ́lọ́jì máa ń ṣe náà nìyẹn, a máa ń kọ iye ọdún, a ó sì kọ iye tó ṣeé ṣe kó fi lé tàbí kó fi dín sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Màmá ní àwọn ò béèrè ọjọ́. Àwọn béèrè ẹni tó ṣáájú.

Mo pe Dáre, àbíkẹ́yìn Mọ́mì Ondó, lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Mo kọ́kọ́ kí i kú ọ̀fọ̀ dáadáa kí n tó dé orí ọ̀rọ̀.

"Ẹ̀gbọ́n Fọlá, ẹ má bínú," ó ní. "Mọ́mì fúnra wọn ló máa ń sọ pé ìgbà ogun Hitler ni wọ́n bí àwọn. A ṣírò ẹ̀ ni."

Ogun ọdún mẹ́fà! Láti 1939 dé 1945. Àwọn ọmọ mú ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ìparí rẹ̀ ló yẹ kí wọ́n mú. Mo ṣàlàyé òṣùpá, ẹ̀yìn àti eyín fún un. Ó gbọ́, ó ní ó yé òun. Ṣùgbọ́n báńà ti wà lójú títì, 84 ti wà lára fèrè tí wọ́n máa pín, ó ti wà lára T-shirt àwọn ọmọ-ọmọ. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ àgbà ti sanwó.

Mo ní, "Dáre, má fọwọ́ kan 84. Kí lẹ kọ nípa Màmá mi nínú ìwé ètò ìsìnkú?"

Ó dákẹ́. Wọ́n ti kọ "àbúrò."

Ìwé ètò náà dé ọ̀dọ̀ wa nínú oṣù Kọkànlá, ẹnì kan nínú ìjọ wa ló bá wa gbé e bọ̀, pẹ̀lú fèrè méjì. Màmá kò wo fọ́tò kankan. Wọ́n ń ṣí i títí wọ́n fi dé ẹ̀yìn, níbi tí wọ́n kọ àwọn tí olóògbé fi sílẹ̀ sí. Orúkọ wọn ló ṣáájú gbogbo rẹ̀: ẹ̀gbọ́n olóògbé, London.

Wọ́n fi ìka tọ́ ọ lẹ́ẹ̀mejì. Omi wà lójú wọn, wọ́n sì jẹ́ kó ṣàn. Tóbi tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn yẹ iwájú ìwé náà wò, ó padà sí ẹ̀yìn, ó tún padà síwájú, ó ń fi ìka ṣírò.

"Grandma, bí Mọ́mì Ondó bá jẹ́ 84, tí ẹ sì fi ọdún márùn-ún jù wọ́n lọ, ẹ ti di 89 nìyẹn."

Màmá nu ojú wọn. "Má jẹ́ kí dókítà gbọ́," ni wọ́n wí.